Ìwé Ìrántí Atukọ̀ Òfurufú Tí Kò Dé Niamey

Irú ìtàn àròsọ kan wà tí àwọn òǹkàwé fẹ́ràn púpọ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òfurufú a já lulẹ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Atukọ̀ rẹ̀ a yè, ṣùgbọ́n a gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ àti ilé tí ó ti wá. Olólùfẹ́ rẹ̀ a sì máa wá a kiri títí àdììtú náà yóò fi tú. Ìtàn dídùn ni, kò sì sí ẹ̀bi nínú kíkà á. Ṣùgbọ́n ìtàn tòótọ́ kan wà ní apá ìhín Áfíríkà tí ó ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí nínú: atukọ̀, ìfẹ́, ikú tí a kò rí ìdí rẹ̀, àti ìgbàgbé. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe atukọ̀ náà ni ó gbàgbé. Òun rántí títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ó sì kọ ìrántí náà sílẹ̀. Ayé ni ó gbàgbé rẹ̀ fún ọdún 29. Ìtàn náà yẹ ní kíkà fún àwọn olùkọ́ ju fún ẹlòmíràn lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti lè rí bí ó ti yẹ kí a wọn ẹ̀rí tí a kọ sínú ìwé, kí a tó pè é ní òtítọ́.

Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, wà ní ẹ̀bá Odò Ọya, odò kan náà tí ó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja kí ó tó wọ inú òkun. Àwọn oníṣòwò Yorùbá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní 1926 ni ìjọba Faransé gbé olú ìlú ilẹ̀ Niger kúrò ní Zinder wá síbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìlú náà fi di ibùsọ̀ fún àwọn tí ń fò gba ojú ọ̀run. Ní àkókò náà, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ara wọn díje, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò yára jù lọ láti Ìlú Ọba dé Cape Town ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkínní gba ilẹ̀ Íjíbítì àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó gùn, ṣùgbọ́n ibùsọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Èkejì kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n àárín aginjù Sàhárà ni ó gbà kọjá: láti Oran ní etí òkun Àlùjíríà sí Reggane, láti Reggane sí Gao, láti Gao ní ẹ̀bá Odò Ọya wá sí Niamey, àti láti ibẹ̀ lọ sí Douala ní Kamẹrúùnù.

Ibi tí ikú wà ní ọ̀nà yìí ni àárín Reggane sí Gao. Ó ju 700 máìlì lọ. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanezrouft ni ó tẹ́ síbẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò ní koríko, tí kò sì ní kànga. Ipa táyà ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń kó èrò la aginjù kọjá ni ó jẹ́ àmì ọ̀nà, ibùdó epo kan tí wọ́n ń pè ní Bidon 5 ni ó sì dá wà láàárín rẹ̀. Ọ̀gágun Laperrine, ẹni tí ó mọ Sàhárà bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láàárín àwọn Faransé, kú sínú aginjù náà ní oṣù Kẹta, 1920, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú tí ó wọ̀ ṣìnà tí ó sì balẹ̀ ní ibi tí kò sí ẹnì kan. Bí ẹni tí ó mọ ilẹ̀ bá lè kú báyìí, kí ni kí a sọ nípa àjèjì tí ń fò lórí rẹ̀ ní òru?

Síbẹ̀ àwọn kan fò ó já. Ní oṣù Kọkànlá, 1932, obìnrin kan, Amy Johnson, fi ọjọ́ 4 àti wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 54 dé Cape Town láti Ìlú Ọba. Gbogbo ayé ni ó pariwo orúkọ rẹ̀. Àṣeyọrí yìí ni atukọ̀ tí ìtàn yìí dá lé fẹ́ borí.

Orúkọ rẹ̀ ni William Newton Lancaster, ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Bill. Ìlú Birmingham ni wọ́n bí i sí ní 1898. Ó ti gbé ní Ọsirélíà rí, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1927, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pàdé obìnrin ará Ọsirélíà kan, Jessie Miller, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Chubbie. Lancaster ní aya àti ọmọ méjì. Miller náà ní ọkọ. Ìrìn àjò ni ó kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀. Wọ́n jọ wá owó, wọ́n ra ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí wọ́n sọ ní Red Rose, wọ́n sì gbéra ní Croydon ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 1927. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ ní ọ̀nà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún tẹ̀síwájú, títí wọ́n fi dé Darwin ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, 1928. Atukọ̀ mìíràn, Bert Hinkler, ti fò kọjá wọn ní ọ̀nà, ó sì ti gba ìyìn iyára lọ. Ṣùgbọ́n Miller ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ọsirélíà. Nínú oṣù márùn-ún náà, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì.

Wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni Miller fúnra rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń tu ọkọ̀ òfurufú, ó sì kópa nínú eré ìje àwọn obìnrin atukọ̀ ní 1929. Ní oṣù Kọkànlá, 1930, ó gbéra ní Havana, ó ń lọ sí Miami, a kò sì rí i mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkun ti gbé e mì. Ìgbà tí ó ṣe ni ó yọ láàyè: ó ti balẹ̀ sí Andros, erékùṣù kan ní Bahamas. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ rí ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ nígbà kejì.

Ọdún 1932 jẹ́ ọdún ìnira ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọ́n, owó kò sí, òkìkí kò sì ṣeé jẹ bí oúnjẹ. Lancaster àti Miller ń gbé ní Miami nígbà náà. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin òǹkọ̀wé kan, Haden Clarke, kí ó lè bá Miller kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé. Lancaster lọ wá iṣẹ́ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kí ó tó padà, Miller àti Clarke ti fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Lancaster ra ìbọn ìléwọ́ kan ní ọ̀nà, ó sì dé Miami ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní òru ọjọ́ náà, ìbọn yẹn dún nínú yàrá tí àwọn ọkùnrin méjèèjì sùn sí. Clarke ni ọta bà ní orí. Ó kú ní ọjọ́ kejì.

Wọ́n rí ìwé méjì níbẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, bí ẹni pé Clarke ni ó kọ wọ́n láti sọ pé òun fẹ́ pa ara òun. Nígbà tí ó yá, Lancaster jẹ́wọ́ pé òun ni òun kọ ìwé méjèèjì, òun sì ni òun fi orúkọ Clarke sí wọn. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun bá Clarke nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù sì ba òun pé wọn yóò rò pé òun ni òun pa á. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní Miami ní oṣù Kẹjọ, 1932. Wọ́n ka ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ó kọ nígbà tí ó wà ní ìrìn àjò sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn; àwọn onímọ̀ wá jẹ́rìí pé ojú ọgbẹ́ náà bá ti ẹni tí ó yìnbọn pa ara rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àwọn ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Òfin dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò dá a sílẹ̀. Òun àti Miller padà sí Ìlú Ọba pẹ̀lú orúkọ tí ó ti bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí ó fi fẹ́ fò lọ sí Cape Town. Ó rò pé bí òun bá lè borí Amy Johnson, àwọn ènìyàn yóò tún máa fi ojú atukọ̀ wo òun, wọn yóò gbàgbé ilé ẹjọ́. Baba rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ láti ra ọkọ̀ kékeré kan, Southern Cross Minor, èyí tí Kingsford Smith, atukọ̀ olókìkí ará Ọsirélíà, ti fò rí. Ó gbéra ní Lympne ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, 1933. Kò yára tó bí ó ti rò. Nígbà tí ó fi máa dé Reggane ní ọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ ju Johnson lọ, oorun sì ti ń kùn ún. Àwọn Faransé tí ó wà níbẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kí ó dúró di ọjọ́ kejì. Ó kọ̀. Ó tún gbéra nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó kọjú sí Gao.

Kò tíì tó wákàtí méjì tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fi kọṣẹ́. Òkùnkùn ṣú biribiri. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ó sì dojú dé, ní nǹkan bí 170 máìlì sí gúúsù Reggane. Lancaster fara gbọgbẹ́ ní orí, ṣùgbọ́n kò kú. Omi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju gálọ́ọ̀nù méjì lọ. Ó ṣe ohun tí ọgbọ́n ní kí atukọ̀ ṣe: kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó pín omi náà sí ìwọ̀n ọjọ́. Ní òru, ó ń ya aṣọ tí a fi bo apá ọkọ̀ náà, ó ń fi wọ́n dáná kí àwọn tí ń wá a lè rí i. Ní ọ̀sán, ó ń fara pamọ́ sábẹ́ apá ọkọ̀ náà kúrò lójú oòrùn. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń kọ̀wé.

Wọ́n wá a lóòótọ́. Ọkọ̀ ilẹ̀ jáde láti Reggane, ṣùgbọ́n aginjù fẹ̀ ju ojú ènìyàn lọ. Ó wà láàyè fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nínú ìwé rẹ̀ ni ó ti ń ròyìn omi tí ń tán lọ, ooru ọ̀sán àti òtútù òru. Nínú rẹ̀ náà ni ó ti ń bá ìyá rẹ̀ àti Chubbie sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, lórí káàdì epo kan. Ó ti sọ nínú ìwé rẹ̀ pé kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ́ńjìnnì ni ó ṣẹ̀. Ó pé ọdún kan géérégé tí òun àti Clarke jọ sùn nínú yàrá kan ní Miami. Ó fi aṣọ di ìwé ìrántí náà, ó so ó mọ́ ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tí ó kú.

Ìgbàgbé wá bò ó mọ́lẹ̀. Ogun Hitler dé, ó sì lọ. Miller fẹ́ ọkọ mìíràn, ó sì fi ariwo ayé sílẹ̀. Niamey dàgbà ní ẹ̀bá odò rẹ̀, orílẹ̀-èdè Niger sì gba òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, 1960. Ní ọdún kan náà ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní agbègbè Reggane, níbi tí Lancaster ti gbéra ní ìkẹyìn. Nàìjíríà bínú sí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé aṣojú ìjọba Faransé kúrò ní Èkó ní oṣù Kìíní, 1961. Bí àwọn ìjọba ti ń jà lórí ilẹ̀ náà, òkú ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1962, àwọn ọmọ ogun Faransé tí ń ṣọ́ aginjù rí ọkọ̀ náà. Òkú Lancaster wà lábẹ́ apá rẹ̀. Oòrùn ti gbẹ ẹ́. Ìwé ìrántí náà wà níbi tí ó so ó mọ́, ó sì ṣeé kà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Miller, ó sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé. Lẹ́yìn ọdún 29, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí rí lẹ́tà rẹ̀ gbà.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn kan retí pé ìwé náà yóò fi òtítọ́ Miami hàn. Kò fi í hàn. Kò sí ìjẹ́wọ́ kankan nínú rẹ̀. Níhìn-ín ni iṣẹ́ òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan náà ni ó kọ ayédèrú ìwé ní 1932 tí ó sì kọ ìwé aginjù ní 1933. Ṣé kí a gba ti èkejì gbọ́ nítorí pé ikú dojú kọ ẹni tí ó kọ ọ́? Tàbí kí a kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti purọ́ rí? Méjèèjì ni ìkánjú. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí ó sọ nípa bí ọkọ̀ ti já, a lè gbà á, nítorí pé ọkọ̀ tí ó dojú dé náà wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ohun tí ó sọ nípa ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, ẹ̀rí ni pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí a máa rántí òun. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí kò sọ, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fò dá nínú ìtàn náà. Haden Clarke kò ní ìwé ìrántí kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé méjì tí ó ní orúkọ rẹ̀ ní òru tí ó kú, ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Òwe sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí ìwé aginjù jáde tí ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́kún, ẹjọ́ ẹnì kan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹnì kejì ti dákẹ́ láti 1932. Ẹni tí ó kọ̀wé sílẹ̀ ni ayé máa ń ṣàánú. Ẹni tí kò kọ̀wé ni ìgbàgbé máa ń pa lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í sì í ṣe Clarke nìkan. Kí ọkọ̀ òfurufú tó lè balẹ̀ sí Gao tàbí Niamey, àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó ro ilẹ̀ náà tí wọ́n sì tẹ́ ẹ. Nígbà náà, ìjọba Faransé máa ń fi ipá mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí òfin tí ó fòpin sí i títí di 1946. Orúkọ àwọn atukọ̀ wà nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ àwọn tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wọn kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ni ó ń sọ̀rọ̀. Antoine de Saint-Exupéry, atukọ̀ Faransé tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, já sínú aginjù Líbíà ní 1935, àwọn darandaran sì gbà á là. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1944, ó tún fò lọ, kò padà mọ́. Wọ́n rí àfọ́kù ọkọ̀ rẹ̀ nínú òkun nítòsí Marseille ní 2000. Ibi tí ó já sí di mímọ̀. Ìdí tí ó fi já kò di mímọ̀, nítorí pé irin kì í kọ̀wé. Nínú ilẹ̀ Niger gan-an, bọ́ǹbù tí àwọn apániláyà fi sínú ọkọ̀ òfurufú UTA kan bú gbàù lókè aginjù Ténéré ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, 1989, ènìyàn 170 sì kú. Àwọn ẹbí wọn kò jẹ́ kí iyanrìn bo ọ̀rọ̀ náà. Ní 2007, wọ́n fi òkúta dúdú ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní ibi ìjàǹbá náà, wọ́n sì to dígí fífọ́ 170 yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. A lè rí i láti ojú ọ̀run.

Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 1963, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n rí Lancaster, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Niamey tí a mọ̀ sí EAMAC, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ti ń mọ ojú ọjọ́ àti bí a ti ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú. Ìlú tí Lancaster kò dé ni ó di ibi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà láti máa ṣọ́ ọ̀nà tí ó pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ nìkan kọ́ ni ìtàn náà ní fún àwọn olùkọ́. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ní ìlú púpọ̀ ni àwọn àgbà ṣì wà tí baba wọn ro pápá ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ru epo, tàbí tí wọ́n sin ọkọ̀ gba inú iyanrìn. Olùkọ́ tí ó bá rán àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù ń ṣe iṣẹ́ òpìtàn. Kí ó kọ́ wọn láti fi orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó kọ́ wọn láti bi ẹlòmíràn léèrè ohun kan náà, àti láti wo ilẹ̀ bóyá ilẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní pàtàkì jù lọ, kí ó kọ́ wọn láti máa béèrè, nígbàkígbà tí ìwé kan bá wú wọn lórí, pé ta ni ó wà nínú ìtàn yìí tí a kò fún ní ìwé kọ?